Gbogbo Omi Tí Mo Ti Mu

Ojú okùn mẹ́sàn-án ló wà lẹ́nu kànga ilé wa ní Agbẹ̀ni, n'Ìbàdàn. Mo mọ iye wọn nítorí pé ìka ni mo fi máa ń kà wọ́n tí mo bá ń dúró de ẹni tó ń fa omi níwájú mi. Okùn táwọn ìyá wa ti ń fà láti ọjọ́ pípẹ́ ló jẹ símẹ́ǹtì náà wọlé díẹ̀díẹ̀, tó gbẹ́ ọ̀nà fún ara rẹ̀, tí ojú ọ̀nà ọ̀hún sì ń dán bí inú ìkarahun ìgbín. Bí o bá ti sọ korobá sísàlẹ̀, okùn rẹ á wọ ọ̀kan nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, á sì máa lọ geere. Ẹ̀kẹta láti ọwọ́ ìlà-oòrùn ni tèmi. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló fi hàn mí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Ó ní ibẹ̀ lòun náà ń lò nígbà tí eegun òun ṣì le.

Ìlú mẹ́rin ni mo ti gbé láyé mi, mo sì ti ṣàlejò láwọn ìlú míì. Bí mo bá jókòó láti rántí wọn, omi wọn ló máa ń kọ́kọ́ wá: bó ṣe rí lẹ́nu, òórùn rẹ̀, ẹni tó gbé e wọlé, iye tí a san. Mo mọ àwọn tó ti lo ogún ọdún ní ìlú kan tí wọn ò mọ odò tó ń wọ ilé ìwẹ̀ wọn. Lójú tèmi, wọn ò tíì dé ìlú náà. Ohun kan ló ṣẹlẹ̀ nílé wa n'Ìbàdàn lọ́dún tó kọjá tó mú kí n fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Màá kàn án tó bá yá.

Omi mẹ́ta là ń lò ní Agbẹ̀ni. Ti kànga la fi ń fọ abọ́, òun la fi ń wẹ̀. Ti òjò, tí páànù òrùlé ń dà sínú dùrọ́ọ̀mù, wà fún aṣọ funfun, torí ọṣẹ máa ń hó nínú rẹ̀ ju ti kànga lọ. Ti ẹ̀rọ wà fún mímu. Ìta ni ẹ̀rọ náà wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan, àwa ọmọdé la sì ń rù ú wálé: òṣùká lórí, garawa lórí òṣùká, ewé kan lójú omi kó má baà máa dà sí wa lára. Tí òjò bá pọ̀, omi ẹ̀rọ á pọ́n díẹ̀. Ìyá Àgbà á ju álọ́ọ̀mù sí i, á fi ọwọ́ rò ó yípo, á wá ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án: "Ẹ jẹ́ ó tòrò ná." Ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì kó tó rọra bu ti òkè sínú àmù, kó sì fi èyí tó kù nísàlẹ̀ wọ́n ilẹ̀ ká tó gbálẹ̀.

Kọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀ ni àmù yẹn wà, wọ́n rì í dé ìdajì sínú yanrìn tútù. Ara rẹ̀ máa ń làágùn. Mo ti mu omi inú fíríìjì, mo ti mu omi oníyìnyín, kò sí èyí tó tutù bíi ti àmù náà, torí òtútù tirẹ̀ kì í ta eyín. Ó kàn ń rọra gba ọ̀nà ọ̀fun lọ ni, pẹ̀lú òórùn amọ̀ tó dà bí ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ilẹ̀.

Tíṣà wa nílé ìwé ló sọ fún wa pé wọ́n dí odò Ọ̀nà ní Ẹlẹ́yẹlé lọ́dún 1942 kí Ìbàdàn lè rí omi mu. Nígbà tí ìlú tún fẹ̀ sí i, wọ́n lọ dí odò Ọ̀ṣun ní Aṣẹ́jirẹ́, lójú ọ̀nà Ifẹ̀. Bóyá ti Ọ̀nà ni ẹ̀rọ tiwa, bóyá ti Ọ̀ṣun, mi ò bi í. Ọ̀ṣun ni mo gbé sáré délé. Mo sọ fún Ìyá Àgbà pé omi Ọ̀ṣun là ń mu. Ìrun márùn-ún ni Ìyá Àgbà ń kí, kì í dá sí ọ̀rọ̀ òrìṣà. Ṣùgbọ́n ó dákẹ́, ó wo inú ife ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Abájọ." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹnu rẹ̀ náà ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé omi ò lọ́tàá. Tí a bá jà nídìí kànga, ohun tó máa ń sọ nìyẹn: omi là á bù wẹ̀, omi là á bù mu, ta ló ń bá omi ṣọ̀tá? Lẹ́yìn ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1980, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́ títí tó fi kú.

Ọjọ́ Àìkú ni. Òjò náà kò fi ìbínú bẹ̀rẹ̀. Ó kàn ń rọ̀ ni, kò dá, kò dẹwọ́. Ògùnpa kì í ṣe odò ńlá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọdé lè ká yẹ̀rì sókè kó fò ó. Ṣùgbọ́n a ti kọ́lé sétí rẹ̀, a ti da ilẹ̀ sínú rẹ̀, ìdọ̀tí ọjà ti dí i lọ́nà, ó sì ti kìlọ̀ fún wa lọ́dún 1978. Lọ́jọ́ náà, ó gba ilẹ̀ rẹ̀ padà. Ibi tó ga díẹ̀ ni ilé wa wà, omi dé àtẹ̀gùn kẹta, ó dúró. Láti ojú fèrèsé òkè ni mo ti rí bẹ́ẹ̀dì kan tó ń lọ lórí omi, pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí wọ́n ṣì so mọ́ ọn, funfun báláú, bí ẹni pé èèyàn ń sùn lọ́wọ́ níbẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ẹnìkan wà nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà yẹn, mo sì ń bi ara mi títí dòní.

Ó lé ní igba èèyàn tó bá omi náà lọ. Nígbà tí a wọlé padà ní oṣù kẹsàn-án, ọmọ tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà kò wá. Tíṣà pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró díẹ̀, ó wá fi bírò fa ìlà sí i. Kànga wa ń rùn bíi kẹrosíìnì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bàbá mi háyà àwọn gìrìpá méjì tí wọ́n wọnú rẹ̀ lọ gbọ́n ọn tán. Bàtà, ìgò àti odindi rédíò kan ni wọ́n kó jáde. Lọ́dún 2011, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ kan náà, omi tún yalé n'Ìbàdàn, ẹ̀mí tó lọ lé ní ọgọ́rùn-ún. Oṣù kẹjọ kò ṣeé fojú di nílùú wa.

Nígbà tí bàbá mi kú, wọ́n ní kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi l'Abẹ́òkúta. Aláró ni, Ìtokù ló ti ń ṣiṣẹ́, Ìyá Ìtokù la sì ń pè é. Ilẹ̀ olókùúta ni Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá ní kànga lágboolé rẹ̀, ọlọ́lá ni. Odò Ògùn ń gba inú ìlú kọjá lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti Ìtokù, ọ̀nà rẹ̀ jìn fún ọrùn ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó ru garawa. Nítorí náà a kì í fi omi ṣòfò. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì la fi ń fọ ìkòkò, èyí tí a fi fọ ìkòkò là ń dà sídìí ewébẹ̀.

Èyí tó dára jù lọ, iṣẹ́ ló wà fún. Wọ́n á kó eérú sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ ní ihò, wọ́n á da omi lé e, omi náà á máa kán tó, tó, tó, sínú ìkòkò mìíràn nísàlẹ̀. Omi eérú yìí ni wọ́n ń rẹ èlú sí, èlú tí wọ́n ti gún, tí wọ́n ti mọ róbótó, tí wọ́n sì ti sá gbẹ. Ó máa ń gba ọjọ́ mélòó kan. Ìyá Ìtokù á ti ìka bọ̀ ọ́, á fi kan ahọ́n, á tutọ́ dànù, á ní ó kù díẹ̀. Kò sí aago, kò sí ìwé. Apá rẹ̀ méjèèjì dúdú dé ìgúnpá, kì í ṣí i mọ́, ìbáà jẹ́ ọjọ́ ọdún, ìbáà jẹ́ ọjọ́ ìyàwó.

Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni ìgbà tí aṣọ bá ń jáde nínú ìkòkò aró. Kì í jáde ní dúdú. Àwọ̀ ewé ló máa ń ní, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ku ọjọ́ méjì kó pọ́n. Ìyá Ìtokù á ta á sórí okùn, afẹ́fẹ́ á kàn án, àwọ̀ ewé náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sá lójú mi báyìí, láti etí aṣọ wá sí àárín, títí gbogbo rẹ̀ á fi di aró. Èmi ni wọ́n máa ń rán láti wá sá aṣọ, mo sì máa ń pẹ́ níbẹ̀ torí mo fẹ́ rí i. Aṣọ àdìrẹ àkọ́kọ́ tó jẹ́ kí n fi ìyẹ́ adìẹ kọ ẹ̀kọ sí, kí aró má baà mú ojú ibẹ̀, ni Ìbàdàn-dùn, èyí tó ní àwòrán àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929. Ó mọ̀ pé mò ń sunkún ilé lóru. Kò bi mí léèrè rí, aṣọ yẹn ni ó gbé fún mi.

Mo padà lọ sí Ìtokù lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Oògùn òyìnbó tó ń yára ni ọ̀pọ̀ ń lò báyìí, mi ò sì lè bá wọn wí, torí oníbàárà kì í dúró fún ọjọ́ márùn-ún. Ṣùgbọ́n òórùn aró tó ti jinná, tó máa ń pàdé èèyàn láti ìkóríta, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Èkó ni mo ti fowó ra omi fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní Múṣin, yàrá méjìlá kọjú síra wọn, ẹ̀rọ kan ṣoṣo wà lẹ́yìnkùlé, afẹ́fẹ́ ló sì ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ọ̀sà yí Èkó ká, òkun wà lẹ́yìn ọ̀sà, a sì ń ra omi lẹ́nu ọ̀nà lọ́wọ́ mẹ́ruwà. Tiwa máa ń ti ọmọlańkẹ́ rẹ̀ dé kí ilẹ̀ tó mọ́, kégì méjìlá lórí rẹ̀. Ó jẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan láti Òkè Ọya. Ẹni tí kò bá lówó lọ́wọ́, ó máa ń fi ẹfun fa ìlà sára ilẹ̀kùn rẹ̀, ìlà kan fún kégì kan, tó bá di ìparí oṣù a ó jọ kà á. Oṣù tí mo bí àkọ́bí mi, kégì mẹ́rin ló ń gbé wá lóòjọ́, torí ilé ọlọ́mọ tuntun kò gbọdọ̀ ṣaláìlómi. Nígbà tí mo gbé owó jáde, mo wo ilẹ̀kùn, kò sí ìlà kankan. Ó ti nù ún. Mo pè é, ó rẹ́rìn-ín, ó ti ọmọlańkẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọdún mẹ́ta ló fi gbé omi fún mi. Mẹ́ruwà ni gbogbo wa ń pè é. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀, mi ò sì béèrè rí. Nínú gbogbo ohun tí mo fi sílẹ̀ l'Ékòó, èyí ló ń dùn mí jù.

Tí mo bá ní iṣẹ́ nísàlẹ̀ Èkó láyé ìgbà yẹn, mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gba Kákáwà kọjá nítorí ilé àwọn da Rocha, tí wọ́n ń pè ní Ilé Omi. Ọmọ Ìlẹ̀ṣà tí wọ́n mú lẹ́rú lọ sí Bahia ni João Èṣan da Rocha, ó sì padà wálé. Bahia ni wọ́n ti bí Candido ọmọ rẹ̀ lọ́dún 1860. Nínú ilé yẹn ni wọ́n ti ń ta omi kànga fún ará Èkó, ṣáájú kí omi ẹ̀rọ ìjọba láti Ìjù tó dé. Ẹni tí wọ́n tà, tí ìdílé rẹ̀ wá padà di olómi fún ìlú: mo máa ń dúró níwájú ilé náà, mo máa ń rò ó. Lọ́dún 1908, nígbà tí ìjọba òyìnbó ní àwọn fẹ́ gba owó omi lọ́wọ́ ará ìlú, Èkó ta kò ó. Dókítà méjì, John Randle àti Orisadipe Obasa, dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ náà. Inú kànga tí àwọn baba wọn gbẹ́ ni ará Èkó ti ń mu omi, wọn ò sì rí ìdí tí wọ́n á fi máa san owó rẹ̀. Àwa ń ra ti mẹ́ruwà, a ń ra ti inú ọ̀rá, a tún ń san owó ẹ̀rọ tí kò yọ, a kò sì pariwo.

Mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí Lọ́ńdọ̀nù. Peckham ni mo gbé fún ọdún mẹ́rin, mo ń tọ́jú àwọn arúgbó. Omi ń yọ tọ̀sán-tòru, mi ò sì gbà á gbọ́: ní gbogbo oṣù àkọ́kọ́, korobá méjì ni mò ń pọn kún lálaalẹ́ kí n tó sùn. Omi ibẹ̀ le. Inú ilẹ̀ ẹfun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń ṣàn wá, ọṣẹ kì í hó dáadáa nínú rẹ̀, kẹ́tù mi kò sì pé oṣù méjì tí ìdí rẹ̀ fi hu nǹkan funfun. Ohun tó ṣe mí bákan ni pé kò sí ẹni tí mo lè kí pé ó kú iṣẹ́. Omi kàn wà nínú ògiri ni.

Ọjọ́ méjì péré ni mo lò ní Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, tí máàpù ń pè ní Porto-Novo. Mo fẹ́ rí mọ́sálásí ńlá tí àwọn Mùsùlùmí tó ṣẹ̀ wá láti Bràsíl kọ́ láàárín ọdún 1912 sí 1925, tí iwájú rẹ̀ jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rí i, ó dára. Ṣùgbọ́n ìyá àgbàlagbà kan tí mo yà sílé rẹ̀ ló gba ìlú náà lọ́kàn mi. N kò tíì jókòó tó fi bu omi wá nínú igbá. Ó kọ́kọ́ fi kan ẹnu tirẹ̀, ó gbé mì, kó tó wá fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi. Yorùbá tó ń sọ ní ohùn mìíràn, Faransé díẹ̀ wà láàárín rẹ̀, ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ mu omi. Ọ̀rọ̀ kì í sá." Omi kànga ni. Mo mọ̀ ọ́n lẹ́nu kí n tó gbé e mì.

Lẹ́yìn tí mo padà sílé pátápátá, mo lọ sí Ọ̀ṣogbo lóṣù kẹjọ, àsìkò ọdún Ọ̀ṣun. Igbó Ọ̀ṣun ti wà lára àwọn ibi tí UNESCO kà sí ogún gbogbo ayé láti ọdún 2005, èrò sì pọ̀ níbẹ̀ láti Amẹ́ríkà, láti Bràsíl. Mo sún mọ́ etí omi. Ó pọ́n. Kì í ṣe pípọ́n òjò tí mo mọ̀ láti kékeré. Ó nípọn bí omi tí èèyàn fi ṣan ọwọ́ nídìí amọ̀. Àwọn tó ń wa góòlù lókè odò, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ń ṣan erùpẹ̀ wọn sínú àwọn omi tó ń wọ Ọ̀ṣun. Obìnrin kan nítòsí mi pọn ọ́n sínú kégì kékeré, ó fi aṣọ nu ara kégì náà, ó gbé e mọ́ àyà. Mo ronú kan Aṣẹ́jirẹ́. Omi tó wà lójú mi yìí, Ìbàdàn ló ń lọ, inú ife ọmọ ẹlòmíì ló ń lọ. Inú bí mi débi pé mi ò lè jó pẹ̀lú àwọn tí a jọ lọ, ó sì ń bí mi títí di ìsinsìnyí. Góòlù wo ló tó bẹ́ẹ̀?

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ilé Agbẹ̀ni báyìí pè mí. Ó ti gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ, ó ti gbé táǹkì dúdú sórí irin, ó fẹ́ fi kọnkéré dí kànga àtijọ́ pa. "Mọ̀mí, ẹ má bínú, àwọn ọmọ ló ń dà mí láàmú. Wọ́n máa ń gun orí rẹ̀." Òótọ́ ló sọ, mi ò sì rí ohun tí mo lè fi jà. Mo ní kó dúró dè mí di ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Nígbà tí mo dé, símẹ́ǹtì àti yanrìn ti wà nílẹ̀, bíríkìlà ti bọ́ṣọ. Wọ́n gbé páànù kúrò lórí rẹ̀ fún mi. Mo fi ìka kà á: mẹ́sàn-án pé. Mo ní kí wọ́n bá mi wá okùn, pé kí wọ́n jẹ́ kí n fa ẹyọ korobá kan péré. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi torí ẹ̀yìn mi tó ń dùn mí, mo kọ̀. Ẹ̀kẹta láti ọwọ́ ìlà-oòrùn. Okùn náà wọlé síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Omi tó jáde pọ́n, ewé jíjẹrà wà lójú rẹ̀, ó ń rùn díẹ̀. Ọmọbìnrin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí kò tíì ju ọdún méje lọ, wá dúró tì mí, ó yọjú sínú korobá.

"Mọ̀mí Àgbà, ṣé kí n dà á nù?"

Mo ní kó bá mi gbé e sí kọ̀rọ̀, kó jẹ́ ó tòrò ná.